Àkòrí "Mo Yàtọ̀" ní Pírámárì Kẹta: Ṣé Gírámà Ni Àbí Ìwàásù?

Ìbéèrè láti Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà olùkọ́. Pírámárì kẹta ni mo ń kọ́. Ọ̀gá wa tuntun ti pàṣẹ pé àkòrí kan ṣoṣo la ó lò fún gbogbo iṣẹ́ Yorùbá ní táàmù yìí: "Mo Yàtọ̀". Àkàyé ni o, gírámà ni o, ìpèkọ ni o, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ gbọ́dọ̀ dá lé. Ẹ gbà mí. Àwọn ọmọ tí mo ní, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì lè ka gbólóhùn kan dé òpin láì sinmi lẹ́ẹ̀mejì. Àfín kan wà nínú wọn, ọ̀kan ń kólòlò, ọ̀kan ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, ìyá ẹ̀ sì ní kí n máa nà án lọ́wọ́. Tí mo bá wá dúró níwájú kíláàsì tí mò ń sọ "yíyàtọ̀, yíyàtọ̀", ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ yìí ni gbogbo ojú á yí sí? Gírámà dà nínú ẹ̀ pàápàá? Lójú tèmi, ìwàásù ni wọ́n fẹ́ ká máa ṣe. Ẹ̀yin Mummy tẹ́ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí lẹ rí sí i?

* * *

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́, o kú akitiyan. Mo ti ka ohun tí àwọn tó ṣáájú mi sọ. Àwọn kan ní kí o jẹ́ kí wọ́n mọ álífábẹ́ẹ̀tì tán ná, kí o tó máa dá àkòrí sílẹ̀. Àwọn kan ní kí o wá orin kan nípa bí Ọlọ́run ṣe dá wa lóríṣiríṣi, kí o máa fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láràárọ̀, ọ̀gá á dẹ́kun wàhálà. Ará Ọmùò wa ní kí o kọ "Mo Yàtọ̀" gàdàgbà sí orí lẹ́sìn nóòtù, kí o sì máa kọ́ wọn ní ohun tó o ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ìyẹn pa mí lẹ́rìn-ín, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é.

N kò bá ìkankan nínú wọn lọ. Ọ̀gá rẹ lè má mọ̀ ọ́n, àmọ́ iṣẹ́ gírámà gidi ló gbé lé ọ lọ́wọ́. Kí ni ọmọ fi ń sọ lédè Yorùbá pé nǹkan kan ò rí bí òmíràn? Á ní "ó tóbi jù ú lọ". Á ní "ó yàtọ̀ sí i". Á ní "kì í ṣe báyìí", "ọmọ tí irun rẹ̀ pọ̀", "ó ní apá ṣùgbọ́n kò ní ìyẹ́". Bẹ́ẹ̀, ìfiwéra, ìyísódì (sísọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀), awẹ́ gbólóhùn tó ní "tí" nínú, ọ̀rọ̀-asopọ̀, iṣẹ́ táàmù kan gbáko nìyẹn. Ìwàásù ni kí o fi sílẹ̀ fún àsẹ́ńbílì.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo kọ́kọ́ mọ irú gbólóhùn tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀, kí n tó wá ìtàn tí kò lè ṣe kó má lo gbólóhùn náà. Bí wọ́n bá ka ìtàn ọ̀hún tán, wọ́n ti ka gbólóhùn yẹn lákàtúnkà láì mọ̀.

* * *

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́ ní kí n fi àpẹẹrẹ hàn. Ó dáa.

Bẹ̀rẹ̀ láti "ju... lọ". Àwa olùkọ́ a máa pe ọmọ méjì síwájú kíláàsì pé, "Ta ló ga jù?" Má ṣe é. Ẹni tó kúrú jù nínú kíláàsì ò nílò kí gbólóhùn ìfiwéra wá sọ fún un. Gbé iṣu méjì wá láti ilé, Èkìtì la wà, iṣu ò lè wọ́n wa. Gbé síbí kékeré àti síbí ńlá. Kọ ọ́ sí bọ́ọ̀dù: Iṣu yìí tóbi ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn náà, kọ mẹ́ta yìí sí abẹ́ ara wọn:

Ó ga ju Délé lọ.
Ó ga jù mí lọ.
Ó yàtọ̀ sí mi.

Ní kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì fi dò-re-mí kọ ọ́ lórin. Nínú ti àkọ́kọ́, "ju" ò ní àmì kankan lórí, torí orúkọ ló tẹ̀ lé e. Nínú ìkejì, "jù" padà sí dò, "mí" sì gòkè. Nínú ìkẹta, "sí" ló wà lókè, "mi" wá wà ní àárín. Àwọn ọmọ á rí i pé "mi" kan náà ni, ibi tó bá bá ara ẹ̀ ló ń sọ bí ohùn ẹ̀ ṣe máa rí. Ìyẹn náà wà lábẹ́ "Mo Yàtọ̀" bí ọ̀gá bá bi ọ́!

* * *

Sà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Ìjerò pé àmì ohùn ti ga jù fún Pírámárì kẹta, mo gbọ́ yín. Òfin ẹ̀ ló ga jù. Bí ẹ bá dúró tẹ́ ẹ ń ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa yí sí ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ tó jẹ́ àbọ̀, wọ́n á sùn, èmi pàápàá á sùn. Àmọ́ ẹ wá ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́jọ kan tó máa ń ṣi "ó jù mí lọ" pè. Kò sí. Etí wọn ti mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn ni kò tíì mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ lórin, kí wọ́n fi àmì sí ohun tí wọ́n gbọ́. Òfin á dúró dìgbà tí wọ́n bá wọ sẹ́kọ́ńdìrì.

* * *

Ní ti ìtàn fún kíkà: mo rí i pé ìtàn Ìjàpá ni ọ̀pọ̀ yín ń dá lábàá, bí ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èmi ò ní lò ó níbí. Àwọn ọmọ ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà títí ó fi há wọn lórí. Bí o bá fún wọn ní ìwé pé kí wọ́n kà á, orí ni wọ́n ń kà á láti inú ẹ̀, ojú wọn ò sí lórí ọ̀rọ̀ rárá. Bí ó bá ń dá ọ lójú pé ọmọ ń kàwé, tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan láàárín gbólóhùn kí o ní kó pè é. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀.

Àdán ni kí o lò. Ilé-ìwé wo ní Èkìtì ni kò sún mọ́ igi tí àdán ń gbé? Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sí ẹni tó ti ka nǹkan kan nípa ẹ̀. Èyí tí mo máa ń kọ sí bọ́ọ̀dù rèé:

Àdán máa ń fò ní alẹ́. Ó ní apá bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n kò ní ìyẹ́. Ẹyẹ máa ń yé ẹyin. Àdán kì í yé ẹyin. Ó máa ń bímọ, ó sì máa ń fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Eku ní irun lára. Àdán náà ní irun lára, ṣùgbọ́n àdán kì í ṣe eku. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á dorí kodò lórí igi, á sì sùn.

Ṣé o rí i bí "kò", "kì í" àti "kì í ṣe" ṣe jókòó síbẹ̀? Àwọn ọmọ wa máa ń kọ "àdán kò yé ẹyin" níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "kì í yé". Má tíì sọ nǹkan kan nípa ìyísódì. Bi wọ́n pé: "Àdán kò fò lánàá" àti "Àdán kì í fò", èwo ló túmọ̀ sí pé fífò kì í ṣe ìṣe ẹ̀ rárá? Wọ́n á jà á, kí wọ́n jà á. Ọmọ kan tilẹ̀ dìde nínú kíláàsì mi lẹ́yìn tí a kà á tán, ó ní, "Mà, ta ló máa wá ń bá a ṣeré?" N kò dá a lóhùn. Mo ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fi gbólóhùn tó ní "kì í" dáhùn. Ọ̀kan ní, "Àdán kì í dá gbé, wọ́n máa ń pọ̀ lórí igi kan ni." Òótọ́ ni, inú ìwé sì kọ́ ló ti rí i.

Gbogbo ohun tó o fẹ́ sọ nípa yíyàtọ̀ wà nínú ẹ̀, kò sì sí ọmọ kankan tí ẹnikẹ́ni ń wò lójú.

* * *

Ẹni tó béèrè pé ṣé a ò wá ní sọ̀rọ̀ nípa ènìyàn rárá ni: ó yẹ, a máa sọ. Àmúlò orúkọ àmútọ̀runwá ló dára jù. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ táàmù.

Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wá sáyé.
Àjàyí ni ọmọ tí ó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i.
Dàdá ni ọmọ tí irun rẹ̀ ta kókó.
Olúgbódi ni ọmọ tí ìka rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà.
Ọ̀kẹ́ ni ọmọ tí wọ́n bí tòun tàpò.

Wò ó dáadáa. Oríṣi "tí" mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ti Ìgè, ọmọ ló ṣe nǹkan náà, ìdí nìyẹn tí "tí ó" fi lè di "tó". Ti Dàdá, irun ló ṣe é, o ò sì lè yọ "rẹ̀" kúrò kí gbólóhùn náà má daṣẹ́ sílẹ̀. Ti Ọ̀kẹ́, àwọn ẹlòmíràn ló ṣe é. Ní kí wọ́n pa "tí ó" pọ̀ di "tó" níbi tó bá ṣeé ṣe. Wọ́n á gbìyànjú ẹ̀ lórí Dàdá, wọ́n á rí i pé ẹnu ò gbà á. Òní lẹ́sìn, ọ̀la lẹ́sìn, wọn ò ní gbàgbé.

Lẹ́yìn náà, mú òwe Dàdá wá: Dàdá ò lè jà, ó lábùúrò tó gbójú. Bi wọ́n pé níbo la ti lè ki "ṣùgbọ́n" bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, bi wọ́n pé ṣé ó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí a bá ki "ṣùgbọ́n" bọ̀ ọ́. Tèmi ni pé kò dùn tó. Kíláàsì lè pín sí méjì lórí ìyẹn, má dá sí i.

* * *

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́: "Mummy, òbí ò ní gbà. Wọ́n á ní orúkọ ìbọ̀rìṣà lẹ fi ń kọ́ ọmọ àwọn." Wọ́n ti sọ ọ́ fún èmi náà. Èsì mi ò gùn. Àjàyí Crowther tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tó di bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà ní 1864, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìjọ ọ̀hún. Wọ́n sọ ọ́ ní Samuel, kò sì sọ Àjàyí nù. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ wá sáyé ló wá kọ gírámà Yorùbá fún wa. Bí òbí bá ṣì ń bínú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó lọ bi pásítọ̀ ẹ̀.

* * *

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́ ní mo ti yẹ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́ta náà sílẹ̀. N ò yẹ̀ ẹ́, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ni pé àwọn ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ sí nínú ìtàn tí à ń kà. Má kọ ìtàn àfín níwájú àfín kan ṣoṣo tó wà ní kíláàsì, kódà kó jẹ́ ìtàn ìyìn. Ìyàtọ̀ tiwọn wà nínú bí o ṣe máa tò wọ́n jókòó àti bí o ṣe máa jẹ́ kí wọ́n kàwé.

Ti àfín: ojú ni. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ rò pé orí ọmọ náà ò pé, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù ni kò rí. Ojú àfín kì í sábà ríran jìnnà, ìmọ́lẹ̀ a sì máa dí i lójú, ìdí nìyẹn tí awò kì í fi yanjú gbogbo ẹ̀. Fi í jókòó sí iwájú gan-an, kí ó kẹ̀yìn sí fèrèsé. Fi máákà dúdú kọ àkàyé náà gàdàgbà-gàdàgbà sórí páálí fún un. Bó bá fẹ́ gbé ìwé kan imú kó tó kà á, fi í sílẹ̀, má ní kó gbé e jìnnà. Àti ní àsẹ́ńbílì, má dá a dúró sínú oòrùn pé gbogbo yín ni kẹ́ ẹ tò.

Ti akólòlò: má ní kó dìde dá kà. Jẹ́ kí òun àti ẹnìkejì jọ kà á pọ̀, tàbí kí gbogbo ìlà wọn kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ akólòlò ni ọ̀rọ̀ máa ń já gaara lẹ́nu wọn bí wọ́n bá ń bá ẹlòmíràn kà pọ̀. Má sì bá a parí ọ̀rọ̀. Ẹ má fi òwe "bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba" tù ú nínú, kò tù wọ́n nínú, mo ti wo ojú wọn.

Ti ọlọ́wọ́ òsì ló le jù, torí òbí wà nínú ẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ báyìí. Ìyá náà ò burú. Ó ń bẹ̀rù pé ọmọ òun á na ọwọ́ òsì sí àgbà, wọ́n á ní kò nílé ẹ̀kọ́. Mo máa ń sọ fún irú wọn pé: ẹ kọ́ ọ kó máa fi ọ̀tún gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kó máa fi ọ̀tún jẹun, èmi náà á bá yín kọ́ ọ. Kíkọ̀wé, ẹ fi í sílẹ̀ fún òsì. Ọ̀pọ̀ ìyá máa ń gbà bó o bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wọn. Àwọn tí kò gbà, o ò ní nà án, bí o ò bá nà án, kí ni wọ́n máa ṣe?

Fi ọmọ náà sí ìkángun bẹ́ǹṣì ní apá òsì, kí ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀ má bàa máa gbá ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìjà ojoojúmọ́ tí wọ́n máa ń jà, "Mà, ó ti ìwé mi", á tán. Kọ́ ọ kó da ìwé sí ìdàkejì ti àwọn yòókù, kí orí ìwé tẹ̀ sí apá ọ̀tún, á lè máa rí ohun tó ń kọ.

Gírámà tó bá ibí yìí mu ni "fi". Má kọ "Túndé fi ọwọ́ òsì kọ̀wé". Kọ nǹkan tí gbogbo wọn mọ̀:

Bàbá fi ọkọ́ ro oko.
Màmá fi ọmọ odó gún iyán.
Akọ̀pẹ fi igbà gun ọ̀pẹ.

Kí wọ́n wá máa yí wọn: kí ni akọ̀pẹ ò lè fi gun ọ̀pẹ? Ẹ̀rín á pọ̀. Ọmọ kan ní akọ̀pẹ ò lè fi ọmọ odó gun ọ̀pẹ, gbogbo kíláàsì dà rú.

* * *

Ará Ọmùò ti mú ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Ó ní àwọn ọmọ òun ń kọ "ulé" fún "ilé", "uṣu" fún "iṣu", ó sì ń fa ìlà pupa sí i, ó ní èdè oko ò gbọ́dọ̀ wọ kíláàsì. Ará mi, ta ló kọ "Uyì" dípò "Iyì" sínú orúkọ ìyìn ìpínlẹ̀ wa? Ṣé kí ìjọba náà wá jókòó kẹ́ ẹ fa ìlà pupa sí i?

Àmọ́ n kò ní ká gba ohun gbogbo. Yorùbá inú ìwé kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó ìdánwò. Mo máa ń pín bọ́ọ̀dù sí méjì. Lápá kan: "Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé". Lápá kejì: "Bí ìwé ṣe kọ ọ́". Àwọn fúnra wọn ló máa kún un. Nínú ìpèkọ, "ulé" ò gba máàkì. Nínú àròkọ, bí ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀ nínú ìtàn, kó sọ "ulé", ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọmọ Ìgbìrà tí bàbá ẹ̀ ń dáko lẹ́yìn ìlú wa ló sábà máa ń kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì nínú kíláàsì mi, torí ọ̀tọ̀ ni èyí tí òun ń sọ nílé, àwọn méjèèjì jọ jẹ́ àjèjì sí i ni.

* * *

Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ètò èdè ti 2022, èyí tó ní ká máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ pírámárì, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Gẹ̀ẹ́sì ló kù tí wọ́n ní ká máa fi kọ́ni. Mo rí i pé ẹnìkan fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí gba gbogbo ojú ewé. Mi ò ní jẹ́ kó gbà á. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ti gbọ́. Yorùbá tó wà lórí táìmù-tébù wa ni ká lò dáadáa.

Ẹni tó sì béèrè bóyá èyí wúlò fún Gẹ̀ẹ́sì: ó wúlò fún ìfiwéra, kò wúlò fún "he" àti "she". "Ó" wa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ pé "my mother, he". Ìyẹn fẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

* * *

Àǹtí Ìkẹ́rẹ́ ti padà wá. Ó ní iṣẹ́ àdán lọ dáadáa, àmọ́ ọ̀gá wo lẹ́sìn nóòtù ẹ̀, ó bi í pé "níbo ni ẹ̀kọ́ ìwà wà nínú èyí?" Ó fẹ́ mọ ohun tó máa kọ.

Kọ ohun tí aláyẹ̀wò lè wọ̀n. Lábẹ́ èrèdí iṣẹ́, kọ pé: "Ní òpin iṣẹ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ á lè (i) ka àyọkà kúkúrú nípa ẹranko tó yàtọ̀ sí àwọn yòókù, (ii) lo kò, kì í àti kì í ṣe bó ṣe yẹ nínú gbólóhùn tirẹ̀, (iii) sọ ọ̀nà méjì tí àdán gbà yàtọ̀ sí ẹyẹ." Ìkẹta yẹn ni ọ̀gá ń wá. Bó bá tún ní kí o fi ẹ̀kọ́ ìwà kún un, bi í ní ìbéèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé báwo la ó ṣe fún un ní máàkì. Àti páálí tó o fi máákà kọ fún ọmọ àfín, kọ ọ́ sí abẹ́ ohun èlò ìkọ́ni, kí wọ́n lè fún ọ lówó páálí bí owó bá wà.